KMnO₄ àti oxalic acid: 2:5 ni àbí 5:2? Ìdáhùn mi ju ti ìwé lọ fíìfíì

Akẹ́kọ̀ọ́_SS3

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé kẹ́místrì. Ìṣirò titration kan (kíkán omi kan sínú òmíràn títí iṣẹ́ wọn á fi parí, ká lè mọ bó ṣe ki tó) ló há mi lọ́rùn.

Omi A ni KMnO₄ tí a kò mọ bó ṣe ki tó. Òun ló wà nínú burette (ọ̀pá dígí alámì tí a ti ń kán omi). Omi B ni oxalic acid: gíráàmù 6.30 H₂C₂O₄·2H₂O tí wọ́n pò mọ́ omi títí ó fi pé lítà kan. Wọ́n fi pipette fa 25.00 cm³ omi B sínú conical flask, wọ́n bu dilute H₂SO₄ sí i, wọ́n gbé e kaná, wọ́n wá ń kán omi A sí i. Iye tó jáde nínú burette jẹ́ 24.60, 24.55 àti 24.65 cm³. Àárín wọn jẹ́ 24.60.

Bí mo ṣe ṣe é rèé:

Kíki B = 6.30 ÷ 126 (gíráàmù mólù kan rẹ̀) = 0.0500 mol/dm³
MnO₄⁻ (permanganate inú KMnO₄) ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 5, oxalate (C₂O₄²⁻ inú oxalic acid) ń fi 2 sílẹ̀, nítorí náà nA : nB = 5 : 2
CA × 24.60 ÷ (0.0500 × 25.00) = 5/2
CA = 0.127 mol/dm³, ìyẹn 20.1 g/dm³

Ìwé ìdáhùn ní 0.0203 mol/dm³, 3.21 g/dm³. Mo ti tún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn kà lẹ́ẹ̀mẹta, 5 àti 2 náà ni. Ibo ni mo ti ṣì í? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ọ̀nà tí èèyàn fi lè mọ rẹ́síò yìí láìha ìdọ́gba gígùn yẹn sórí?

Ẹ̀kán_Ìkẹyìn

Àbúrò, iye tó o kà dáa. Ibi tó o gbé e sí ni kò dáa. 5 àti 2 yẹn ni ohun tí mólù kan ń gbà àti ohun tí mólù kan ń fi sílẹ̀. Wọn kì í ṣe iye mólù. Tí o bá fẹ́ iye mólù, ńṣe lo máa dà wọ́n kodò.

Wò ó báyìí: ẹni tí agbọ̀n rẹ̀ tóbi kì í rin ẹsẹ̀ púpọ̀ kó tó kó ọsàn oko tán. MnO₄⁻ lagbọ̀n rẹ̀ tóbi, márùn-ún ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Oxalate kan, méjì péré ló ń kó wá. Kí iye tó wá àti iye tó lọ tó lè bára mu, oxalate gbọ́dọ̀ pọ̀ ju permanganate lọ. Iye tó kéré jù tí wọ́n ti lè pàdé ni 10: MnO₄⁻ méjì gba 10, oxalate márùn-ún fi 10 sílẹ̀.

MnO₄⁻ + 8H⁺ + 5e⁻ → Mn²⁺ + 4H₂O (sọ ọ́ di ìlọ́po 2)
C₂O₄²⁻ → 2CO₂ + 2e⁻ (sọ ọ́ di ìlọ́po 5)

Tí o bá pa wọ́n pọ̀: 2MnO₄⁻ + 5C₂O₄²⁻ + 16H⁺ → 2Mn²⁺ + 10CO₂ + 8H₂O

O rí i pé H⁺ àti omi kò kàn ọ́ rárá nínú ìṣirò yìí. Ìlà méjì àkọ́kọ́ ló fún ọ ní rẹ́síò. Èyí tó gùn yẹn, tí wọ́n bá ní kó o kọ ọ́ nìkan ni kó o kọ ọ́.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni fọ́múlà CAVA/CBVB = nA/nB tó o lò yẹn fúnra rẹ̀ (C ni kíki, V ni iye omi, n ni iye mólù). Nínú titration ásíìdì àti béèsì, A máa ń jẹ́ ásíìdì, ó sì ti mọ́ èèyàn lára. Nínú redox (iṣẹ́ tí ohun kan ti ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ òmíràn), lẹ́tà A kò mọ ẹni tó ń gbà, kò mọ ẹni tó ń fi sílẹ̀. Ìdánwò lè fi thiosulphate ṣe A, kó fi iodine ṣe B, nígbà náà nA/nB di 2/1. Kó o tó fọwọ́ kan fọ́múlà, kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ ní kíkún: "mólù MnO₄⁻ 2 ń bá mólù oxalate 5 ṣiṣẹ́." Lẹ́yìn ìyẹn, fi fọ́múlà sílẹ̀, máa fi mólù rìn:

Mólù oxalate = 0.0500 × 0.02500 = 1.25 × 10⁻³
Mólù MnO₄⁻ = 1.25 × 10⁻³ × 2/5 = 5.00 × 10⁻⁴
Kíki A = 5.00 × 10⁻⁴ ÷ 0.02460 = 0.0203 mol/dm³
0.0203 × 158 (gíráàmù mólù kan KMnO₄) = 3.21 g/dm³

Àmì kan wà tí mo fẹ́ràn. Pín ìdáhùn tìrẹ sí ti ìwé: 0.127 ÷ 0.0203, ó sún mọ́ 6.25. Kí ni 6.25? 5/2 lọ́nà 5/2 ni. Dípò kó o fi 2/5 sọ ọ́ di púpọ̀, 5/2 lo lò, nítorí náà àṣìṣe náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìdáhùn rẹ bá fi ìlọ́po 6.25 yàtọ̀ sí ti ìwé, má wá ẹjọ́ síbòmíràn, o ti da rẹ́síò kodò ni. Fún KMnO₄ àti Fe²⁺, ìlọ́po 25 lo máa rí. Dichromate àti Fe²⁺, 36. Iodine àti thiosulphate, 4.

Baba_Pipette

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ gígùn da orí ọmọ rú. KMnO₄ bá ti wà nínú burette, 2:5 ni. Kó há a sórí, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Iyọ̀_Bàbà

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìyẹn á pa á lẹ́kún lọ́jọ́ ìdánwò. 2:5 tọ̀nà fún oxalate, ó tọ̀nà fún H₂O₂, nítorí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì méjì làwọn méjèèjì ń fi sílẹ̀. Fe²⁺ ńkọ́? Ẹyọ kan ló ní. MnO₄⁻ 1 sí Fe²⁺ 5 nìyẹn.

Kí n fi èyí tí wọ́n máa ń gbé wá jù hàn án. Gíráàmù 7.00 FeSO₄·7H₂O tí kò mọ́ délẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ dilute H₂SO₄ títí ó fi pé 250 cm³. 25.00 cm³ rẹ̀ gba 23.50 cm³ KMnO₄ tó ki tó 0.0200 mol/dm³.

Mólù MnO₄⁻ = 0.0200 × 0.02350 = 4.70 × 10⁻⁴
Mólù Fe²⁺ nínú 25.00 cm³ = 4.70 × 10⁻⁴ × 5 = 2.35 × 10⁻³
Nínú 250 cm³ = 2.35 × 10⁻²
2.35 × 10⁻² × 278 = gíráàmù 6.53
6.53 ÷ 7.00 = 93.3%

Ìlà kẹta yẹn làwọn ọmọ máa ń fò. Tí ìmọ́tótó rẹ bá jáde ní 9.33%, rẹ́síò kọ́ ló bàjẹ́, o gbàgbé pé ìdá mẹ́wàá péré lo fà sínú flask ni. Àbùkù 6.7% tó kù ńkọ́? FeSO₄ tó ti pẹ́ nínú ìgò máa ń yí láti àwọ̀ ewé rẹ́súrẹ́sú sí búráùn. Fe³⁺ ló ti dà yẹn, Fe³⁺ ò sì ní nǹkan kan tó máa fún permanganate mọ́.

Àmọ́ ibi tí àhásórí ti máa ń já èèyàn sílẹ̀ pátápátá ni iron(II) oxalate, FeC₂O₄. Ẹni tó há Fe sórí máa ní 1:5. Ẹni tó há oxalate sórí máa ní 2:5. Àwọn méjèèjì ti ṣì í, nítorí Fe²⁺ inú rẹ̀ ń fi 1 sílẹ̀, oxalate inú rẹ̀ náà ń fi 2 sílẹ̀, ó di 3. Agbọ̀n 5, ẹrù 3: MnO₄⁻ 3 sí FeC₂O₄ 5.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà dán an wò. Gíráàmù 0.150 FeC₂O₄·2H₂O (mólù kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 180) jẹ́ 8.33 × 10⁻⁴ mólù. Pẹ̀lú KMnO₄ 0.0200 mol/dm³, Fe²⁺ nìkan á gba 8.33 cm³. Oxalate nìkan á gba 16.67 cm³. Ohun tí burette máa sọ gan-an ni 25.00 cm³, ìyẹn àpapọ̀ méjèèjì. Ohun tó bá wà nínú flask tó lè fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ ni permanganate máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀; kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Láàbù_Kejì

Ìṣirò yín dùn. Ṣùgbọ́n 2:5 yẹn kò jóòótọ́ àyàfi tí ohun tó wà nínú flask bá jẹ́ kí MnO₄⁻ gba márùn-ún pé. Àìtó ásíìdì lè sọ 5 di 3 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún ọ.

H⁺ mẹ́jọ ni MnO₄⁻ kan ń lò kó tó di Mn²⁺. Tí H⁺ bá ti tán nínú flask, MnO₂ ló máa dà: MnO₄⁻ + 4H⁺ + 3e⁻ → MnO₂ + 2H₂O. O máa rí i: dípò kí àwọ̀ elésèé-àlùkò yẹn wọlé kó parẹ́ di omi tí kò láwọ̀, omi inú flask á dà bí tíì tí wọ́n pò sílẹ̀ lánàá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ búráùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fara mọ́ dígí. Ká ní gbogbo rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè 24.60 cm³ yẹn á gba 24.60 × 5/3, ìyẹn 41.0 cm³. Nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, o lè rí 26, o lè rí 29, kò sì ní bára mu láti ìgbà kan sí èkejì. Tí o bá ti rí búráùn, da flask yẹn nù, má gbìyànjú láti fi ásíìdì tún un ṣe lágbede-méjì. Fún 25 cm³, nǹkan bíi 20 cm³ H₂SO₄ tó ki tó 1 mol/dm³ tó, ó tún ṣẹ́kù.

H₂SO₄ ni o, kì í ṣe ásíìdì tó bá ṣáà wà lórí tábìlì. Tó bá jẹ́ HCl, permanganate á máa gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ Cl⁻ náà, ó ń sọ ọ́ di chlorine, iye tó jáde nínú burette á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá jẹ́ HNO₃, òun fúnra rẹ̀ ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Á ti bá permanganate jẹ nínú Fe²⁺ rẹ, iye rẹ á wálẹ̀.

Iná: oxalate nìkan ló ń fẹ́ iná. Gbé e dé 60 sí 70°C. Ó tutù jù, àwọ̀ á dúró nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí, o máa rò pé o ti dé endpoint (ibi tí iṣẹ́ ti parí). Ó hó, oxalic acid fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ máa ń lọ́ra láti parẹ́, má fòyà, má sì kán èkejì lé e lórí. Mn²⁺ tó bá jáde látinú ẹ̀kán yẹn ló máa mú kí àwọn tó kù yára. Lẹ́yìn bíi 1 cm³ wàá rí i pé wọ́n ń parẹ́ bí wọ́n ṣe ń kan omi. Fe²⁺ ní tirẹ̀, má gbé e kaná rárá. Afẹ́fẹ́ á ti sọ ọ́ di Fe³⁺ kó o tó dé ìdí burette.

Kíkà: KMnO₄ dúdú débi pé o kò lè rí ìsàlẹ̀ ibi tí omi tẹ̀ kòtò. Orí rẹ̀ ni kó o kà, níbẹ̀rẹ̀ àti níparí. Tí o bá ka orí nígbà kan, tó o wá méfò ìsàlẹ̀ nígbà kejì, o ti sọ nǹkan nù. Endpoint ni pupa rẹ́súrẹ́sú tó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Tó bá parẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ìyẹn ò kàn ọ́ mọ́.

Fi omi A ṣan burette, fi omi B ṣan pipette, ṣùgbọ́n omi lásán ni kó o fi ṣan conical flask. Ẹni tó bá fi B ṣan flask ti fi mólù tí kò kà kún un. (Tí burette yín bá ti ní àbààwọ́n búráùn nínú, ẹ da oxalic acid tó ní ásíìdì díẹ̀ sí i, á ṣí. Redox kan náà yìí ni.)

Akẹ́kọ̀ọ́_SS3

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí 6.25 mi.

Mo lo ọ̀nà kíka ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí fún èyí tó tẹ̀ lé e, ó tún já mi sílẹ̀. KIO₃ 2.14 g/dm³, wọ́n fa 25.00 cm³, wọ́n fi KI tó pọ̀ àti ásíìdì sí i, wọ́n wá fi thiosulphate ṣe titration iodine tó jáde, 24.00 cm³. Mo ní IO₃⁻ di I₂, oxidation number iodine láti +5 sí 0, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 5. Thiosulphate ń fi 1 sílẹ̀. Nítorí náà 1:5, kíki thiosulphate 0.0521. Ìwé ní 1:6, 0.0625. Lọ́tẹ̀ yìí mo dà á kodò dáadáa o!

Ẹ̀kán_Ìkẹyìn

O dà á kodò dáadáa, àmọ́ o dúró lójú ọ̀nà. Iodine kò parí ìrìn rẹ̀ sórí I₂. Nígbà tí búlúù tí sítáàṣì fi ń fi iodine hàn bá parẹ́, ṣé I₂ kankan ṣì wà nínú flask? Kò sí. Gbogbo rẹ̀ ti di I⁻. Iodine tó wá látinú IO₃⁻ rin láti +5 dé −1, ìyẹn 6. I⁻ tó wá látinú KI ní tirẹ̀ di I₂, ó tún padà di I⁻. Ibi tó ti gbéra náà ló padà sí, kò gbà, kò sì fi nǹkan sílẹ̀. Thiosulphate nìkan ló sanwó gbogbo rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan 1. Nítorí náà 1 sí 6.

Tí o bá fẹ́ gba ojú ọ̀nà gígùn, ibẹ̀ náà lo máa já sí:

IO₃⁻ + 5I⁻ + 6H⁺ → 3I₂ + 3H₂O
I₂ + 2S₂O₃²⁻ → 2I⁻ + S₄O₆²⁻

IO₃⁻ kan mú I₂ 3 jáde, I₂ kọ̀ọ̀kan gba thiosulphate 2. Mólù IO₃⁻ rẹ 2.50 × 10⁻⁴, lọ́nà 6 jẹ́ 1.50 × 10⁻³, pín in sí 0.02400, ó di 0.0625.

Tí titration bá ti ní ipele méjì, wo ohun tó wà nínú flask kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o wo ohun tó wà níbẹ̀ nígbà tó o ti burette pa. Bàbà (Cu) tí a fi KI sí náà ńkọ́? 2Cu²⁺ + 4I⁻ → 2CuI + I₂. Ọ̀pọ̀ máa ń rí 2 iwájú Cu àti 2 iwájú thiosulphate, wọ́n á wá máa pín in, wọ́n á máa sọ ọ́ di púpọ̀. Cu²⁺ di Cu⁺, 1, thiosulphate, 1. 1:1 ni, ó parí.

Sítáàṣì, má tètè fi sí i. Jẹ́ kí iodine kọ́kọ́ ṣá di àwọ̀ koríko gbígbẹ. Tí o bá fi sí i nígbà tí iodine ṣì pọ̀, á dì mọ́ ọn, kò ní fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, wàá kán kọjá ààlà. Tí búlúù bá padà lẹ́yìn tó ti parẹ́, tó o sì ti ka burette, afẹ́fẹ́ ló ń sọ I⁻ di I₂. Má fi ẹ̀kán kankan kún un.

Baba_Pipette

Mo gbà. FeC₂O₄ yẹn ni n kò rò kàn.

Akẹ́kọ̀ọ́_SS3

Ẹ bá mi yẹ èyí wò kí n tó lọ sùn: Cr₂O₇²⁻ (dichromate) di Cr³⁺, láti +6 sí +3, ó gba 3. Fe²⁺ fi 1 sílẹ̀. 1:3?

Iyọ̀_Bàbà

Cr mélòó ló wà nínú Cr₂O₇²⁻?

Akẹ́kọ̀ọ́_SS3

Áà! Méjì. 6 ló gbà. 1:6.

Iyọ̀_Bàbà

Òun náà nìyẹn. Oxalate ṣe bẹ́ẹ̀: carbon kọ̀ọ̀kan 1, àmọ́ méjì ni wọ́n. Tó bá jẹ́ dichromate lo fẹ́ fi ṣe é ní láàbù, òun kì í fi àwọ̀ ara rẹ̀ fi endpoint hàn ọ́ bíi permanganate. Ọsàn àti àwọ̀ ewé ló máa dà pọ̀ mọ́ ọ lójú. Bèèrè barium diphenylamine sulphonate (èròjà tó ń fi àwọ̀ sọ endpoint), kó o bu phosphoric acid díẹ̀ sí i pẹ̀lú. Ewé yẹn á yí sí elésèé-àlùkò lẹ́ẹ̀kan náà.